Ẹ̀rọ Ìgbálẹ̀ Wo Ni Kí N Rà fún Ilé Tí Ajá àti Ológbò Wà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin Olóòtú, mo kí yín kú iṣẹ́. Ọba-Ilé ní Àkúrẹ́ ni mò ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta. A ní ajá Alsatian kan tí kì í sùn síta, a sì ní ológbò méjì. Táìsì ni gbogbo ilẹ̀ ilé wa, ṣùgbọ́n rọ́ọ̀gì ńlá kan wà ní pálọ̀, aṣọ ni wọ́n sì fi bo àwọn àga wa, kì í ṣe awọ. Fákúùmù oníke, tí ń kó ìdọ̀tí sínú ike dípò àpò, tí a ti ń lò láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn kò fa irun mọ́. Bí a bá tàn án díẹ̀, yóò gbóná, yóò sì kú fúnra rẹ̀. Atẹ́gùn tí ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ sì ń rùn bí ajá tí òjò pa. Ẹni tí ń bá wa tún un ṣe ní kí n lọ ra tuntun. Ní ìsọ̀ kan ní Ọjà Ọba, wọ́n ní kí n mú èyí tí ó jẹ́ 2,400 wáàtì, nítorí pé agbára ni ó ń fa irun. Àbúrò mi ní kí n ra èyí tí kò ní wáyà. Àbíkẹ́yìn wa ní ikọ́ fée, ínfátà 1.5kVA ni a sì ń lò nígbà tí kò bá sí iná. Èwo ni kí n rà?

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Ọba-Ilé

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, nítorí pé irú ilẹ̀ tí ó wà nínú ilé, irú iná tí ẹ ń lò àti àìlera ọmọ yín ni yóò sọ ohun tí ó yẹ kí ẹ rà, ju ohunkóhun tí wọ́n kọ sí ara páálí lọ.

Kí ẹ tó yọ owó, ẹ jẹ́ kí a yẹ èyí tí ó wà nílẹ̀ wò. Ẹ̀rọ tí ó gbóná tí ó sì kú fúnra rẹ̀, tí ó tún ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó bá tutù, kò tíì jóná. Ohun kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ń pa iná kí ẹ́ńjìnnì má baà jó, ohun tí ó sì sábà máa ń fà á ni pé atẹ́gùn kò rí ọ̀nà kọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni atẹ́gùn tí irú ẹ̀rọ yín ń fà wọlé náà ni ó ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù. Ẹ yọ rọ́bà gígùn rẹ̀, ẹ gbé e dúró lóòró, kí ẹ sì ju ẹyọ ọmọ ayò kan sí i lẹ́nu. Bí ọmọ ayò náà kò bá bọ́ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, irun ti dí i. Ẹ wo asẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Asẹ́ tí a lè fi omi fọ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ délẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan ó kéré tán kí a tó dá a padà, nítorí pé èyí tí a bá dá padà ní tútù ni ó máa ń rùn. Ṣùgbọ́n asẹ́ tí ó ti mu ọ̀rá ara ẹran fún ọdún mẹ́rin kì í sábà gbọ́ ọṣẹ mọ́, pípààrọ̀ ni ó tọ́ sí i. Bí iná bá ń ṣẹ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé carbon brush rẹ̀, ẹ̀yà kékeré tí ń gbé iná dé ibi tí ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, ni ó ti jẹ tán, owó kékeré sì ni a fi ń ra ìyẹn. Tí ẹni tí ń bá yín tún un ṣe bá ti yẹ gbogbo èyí wò kí ó tó sọ̀rọ̀, a jẹ́ pé ó tó àkókò láti ra òmíràn.

Ní ti 2,400 wáàtì, ẹ má gbà. Wáàtì tí a kọ sí ara ẹ̀rọ kì í ṣe ìwọ̀n bí ó ti lè fa nǹkan tó, iye iná tí yóò máa jẹ ni. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi òfin dè é pé ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ tuntun tí wọn yóò tà fún ìlò inú ilé kò gbọdọ̀ ju 1,600 wáàtì lọ, wọ́n sì tún dín in kù sí 900 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Ilé àwọn ará ibẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ dọ̀tí, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń sin ajá àti ológbò jù wá lọ. Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ni pé wọ́n tún ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà nínú ẹ̀rọ náà ṣe, wọ́n sì tún orí rẹ̀ tí ń kan ilẹ̀ ṣe. Fún ẹ̀yin ní pàtàkì, ínfátà 1.5kVA kò lè gbé ju bíi 1,200 wáàtì lọ, ẹ́ńjìnnì a sì tún máa béèrè ju iye tirẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá tí a bá ń tàn án. Ẹ̀rọ 2,400 wáàtì yóò pa ínfátà náà lójú ẹsẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I pass my neighbour" kò lè gbé e, nítorí pé nǹkan bí 650 wáàtì ni agbára tirẹ̀. Yóò wá di ohun tí ẹ ń gbé kalẹ̀ kìkì ní ìgbà tí BEDC bá mú iná wá, nígbà tí irun ajá kò sì mọ ìgbà tí iná dé.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Irun tí ẹ ń fojú rí kọ́ ni olórí ọ̀tá rẹ̀. Puròtéènì kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Fel d 1, tí ó wà nínú itọ́ àti ọ̀rá awọ ológbò, ni ó máa ń fa sísín àti mímí fín-ín-fín-ín fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn kò gba ológbò. Nígbà tí ológbò bá ń lá ara rẹ̀, itọ́ náà yóò gbẹ sí i lára, yóò sì di eruku tí ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè wà lójú afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó tó balẹ̀. Ajá ní irú tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tí asẹ́ rẹ̀ kò dára ń fa eruku yìí kúrò nínú rọ́ọ̀gì níbi tí ó sùn sí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì ń tu ú jáde láti ẹ̀yìn, ní ìwọ̀n gíga ibi tí imú ọmọ kékeré wà gan-an. Òórùn ajá tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn fákúùmù yín jẹ́ àmì pé asẹ́ rẹ̀ kò mọ́, ó sì ṣeé ṣe kí nǹkan mìíràn máa bá òórùn náà jáde.

Nítorí náà, asẹ́ HEPA ni kí ẹ béèrè. Asẹ́ HEPA tòótọ́ ní ìlànà ti Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ dá 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún eruku tí ó tó 0.3 micrometre dúró. Irun orí ènìyàn kan nípọn ju èyí lọ ní ìlọ́po igba àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti Yúróòpù tí wọ́n máa ń kọ H13 sí lára ń dá 99.95 dúró. Bí ẹ bá rí "HEPA-type" tàbí "HEPA-like" lára páálí, ọgbọ́n ọjà ni, kò sí ìlànà kankan tí ó de irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Asẹ́ nìkan kò sì tó: bí atẹ́gùn bá ń yọ́ jáde ní ẹ̀gbẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ asẹ́, òfo ni. Ẹ ní kí wọ́n tàn án fún yín nínú ìsọ̀, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ yín tọ ojú ibi tí ike kan ti pàdé èkejì. Atẹ́gùn kò gbọdọ̀ fẹ́ yín lọ́wọ́ níbòmíràn ju ihò ìjáde rẹ̀ lọ.

Èyí ni ó mú kí n fara mọ́ ẹ̀rọ alápò ju oníke lọ fún ilé tiyín. Àwọn ontajà yóò sọ pé oníke kò ní ìnáwó àpò, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá da oníke nù ni eruku inú rẹ̀ máa ń bò, nígbà tí ó jẹ́ pé àpò bébà tàbí ti aṣọ ìsọnù ni a ó yọ pẹ̀lú ìdọ̀tí inú rẹ̀, tí a ó sì jù ú nù láì ṣí i. Ìṣòro tí ó wà ní Àkúrẹ́ ni rírí àpò náà rà. Ẹ má sanwó ẹ̀rọ kankan títí ontajà yóò fi kó àpò tí ó bá a mu síwájú yín, kí ẹ sì ra èyí tí yóò tó yín lò fún ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ó bá ní kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ kọjá sí ìsọ̀ mìíràn. Àpò aṣọ tí a ń gbọ̀n tí a sì ń tún lò kò yàtọ̀ sí oníke ní ti eruku. Bí ó bá wá di dandan kí ẹ ra oníke, ìta gbangba ni kí àgbàlagbà ti máa da á nù, pẹ̀lú ìbomú, kì í ṣe ọmọ yín.

Orí tí ń kan ilẹ̀ ni ó kù, òun gan-an sì ni ó ń kó irun. Ajá Alsatian ní irun kúnnákúnná lábẹ́ irun òkè rẹ̀, tí ó sì ń já púpọ̀, èyí tí ó kúrú nínú irun rẹ̀ a sì máa gún rọ́ọ̀gì bí abẹ́rẹ́, tí fífà lásán kò fi lè yọ ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì tí ń yí ni ó ń hú u. Irú kan wà tí atẹ́gùn ń yí, irú kejì ní ẹ́ńjìnnì kékeré tirẹ̀. Ti atẹ́gùn rọ̀ jọjọ láti tọ́jú, kò sì ní wáyà tí yóò já nínú rẹ̀, àmọ́ yóò rọ bí asẹ́ bá ti dí. Lórí táìsì, ńṣe ni búrọ́ọ̀ṣì tí ń yí máa ń ta irun káàkiri, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ṣeé dá dúró tàbí kí ó ní orí pẹlẹbẹ tí a lè fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ tún béèrè fún orí kékeré oníbúrọ́ọ̀ṣì fún àwọn àga yín. Ẹ wò ó bóyá búrọ́ọ̀ṣì náà ṣeé yọ, torí irun yóò wé mọ́ ọn, ẹ ó sì ní láti máa fi sísọ́ọ̀sì gé e kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lójú ìjókòó àga, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí a fi omi rin díẹ̀ máa ń kó irun jọ ju ẹ̀rọ mìíràn lọ, kò sì jẹ iná.

Àbúrò yín kò ṣìnà pátápátá. Ẹ̀rọ aláìníwáyà ṣeé fi ínfátà ṣájì wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ń kó ìdọ̀tí sí kéré, ajá yín nìkan yóò kún un kí ẹ tó gbá ìdajì pálọ̀ tán. Bí a bá sì yí i sí ibi tí ó le jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bátìrì rẹ̀ náà yóò kú lọ́jọ́ kan, ẹni tí yóò sì tà yín ní irú rẹ̀ lè má sí nítòsí. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀rọ kejì, bí owó bá tó bẹ́ẹ̀. Ti róbọ́ọ̀tì tí ń dá rìn kiri, ẹ fojú inú wo ọjọ́ tí ó bá gun ìgbẹ́ ajá, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

Ohun tí èmi yóò rà fún ilé bí irú tiyín ni ẹ̀rọ oníwáyà tí a ń wọ́ tẹ̀lé ẹ̀yìn, alápò, tí wáàtì rẹ̀ wà láàárín 700 sí 900, tí ó ní asẹ́ H13, orí oníbúrọ́ọ̀ṣì, orí pẹlẹbẹ àti orí kékeré fún àga. Tòkunbọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò burú, nítorí pé iná wọn àti tiwa bára mu, kìkì kí ẹ fi asẹ́ tuntun sí i. Ẹ pa fíríìjì kí ẹ tó fi ínfátà tàn án. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ya irun ajá ní ìta, ẹ má jẹ́ kí àwọn ológbò wọ yàrá tí ọmọ ń sùn, kí ọmọ náà sì wà níta nígbà tí ẹ bá ń gbálẹ̀. Oògùn tí dókítà fún un kò gbọdọ̀ dúró nítorí pé ẹ ra ẹ̀rọ tuntun.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n mi gbé fákúùmù kan bọ̀ láti Amẹ́ríkà fún mi nítorí irun ajá mi. Wọ́n kọ 120V, 12A sí i lára. Ṣé kí n kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Oǹdó

ÌDÁHÙN

Ẹ má ṣe é o. Iná tiwa tó 230 fóòtì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n ṣe é fún, yóò sì jóná kí ẹ tó yọ ọwọ́. Bí ẹ bá fi 12 sọ 120 di púpọ̀, 1,440 wáàtì ni yóò fún yín. Transformer tí ń dín iná kù tí ẹ óò rà gbọ́dọ̀ ju èyí lọ dáadáa, ẹ mú tó 2,000 tàbí 3,000. Ó wúwo, owó rẹ̀ sì lè súnmọ́ ti ẹ̀rọ mìíràn. Bí ó bá jẹ́ aláìníwáyà ni, ẹ ka ara ṣájà rẹ̀: bí ó bá jẹ́ 100–240V ni wọ́n kọ, kò séwu. (Inú mi dùn pé ní Oǹdó, ìlú tí Ògún ti ń jẹ ajá, ajá kan rí ẹni tí ń ra ẹ̀rọ nítorí irun rẹ̀.)

ÌBÉÈRÈ

Ṣé a lè fi fákúùmù fa ìtọ̀ ajá kúrò lórí rọ́ọ̀gì?

Bàbá Àgbà, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN

Bàbá, bí kì í bá ṣe irú èyí tí wọ́n kọ "wet and dry" sí lára, ẹ má dán an wò, nítorí omi yóò dé inú ẹ́ńjìnnì, iná sì lè gbé ènìyàn. Èyí tí ó rí bí àgbá, tí ó ń fa omi àti eruku, lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọ àpò rẹ̀, kí ẹ sì fi asẹ́ tí wọ́n ṣe fún omi sí i. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ ìtọ̀ náà mu ná, ẹ da omi tútù díẹ̀ sí i, kí ẹ tó fà á. Ẹ da omi inú àgbá náà nù, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.