Sìmẹ́ǹtì Ẹnu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀bù Tó Ń Jẹ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi kọjú sí ọ̀nà ọjà ní Kàbà, èrò kì í dá lọ́jọ́ ọjà. Sìmẹ́ǹtì ẹnu ọ̀nà ti jẹ wọnú, eruku rẹ̀ ń bà sára ọjà, bẹ́ẹ̀ igun yàrá ṣì ń dán. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹsẹ̀ nìkan kọ́, iyanrìn abẹ́ bàtà ni. Ó ń ha ilẹ̀ bíi sáńpépà, pàápàá níbi tí èrò ti ń yà. Bí bíríkìlà bá sì ti bomi jù, òkè rẹ̀ á rọ̀.

Ẹ gbẹ́ ẹ dé ibi tó le, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi omi rin ín mọ́jú. Ẹ po ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan mọ́ iyanrìn odò mẹ́ta, kó má ṣàn, kó nípọn tó ínǹṣì kan ààbọ̀. Ìgbà tí omi ojú rẹ̀ bá fà tán ni kí ẹ tó dán an. Ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ méje; nígbà ọyẹ́, àpò náà kò gbọdọ̀ gbẹ rárá. (Bíríkìlà á ní kò pọn dandan. Ẹ má dá a lóhùn.)

Ẹ ṣe ìdajì ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, kí oníbàárà má bàa yà sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹní ìnusẹ̀ tó gùn tó ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ẹ máa gbọn iyanrìn rẹ̀ dànù láràárọ̀.