Ìyá Ìbejì ń wá ojúlówó oúnjẹ n'Íbàdàn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Wọ́n tiránsífà ọkọ mi láti Abẹ́òkúta wá s'Íbàdàn, Akóbò la ń gbé báyìí. N'Ábẹ́òkúta mo ní aláta tèmi ní Kútọ̀, níbí mi ò mọ ẹnì kankan, ẹ̀bá títì ni mo ti ń rajà, tòmátò á ti máa rà kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kòkòrò kúnnú ẹ̀wà. Ibo ni kí n gbà? Ìyá Ìbejì, Akóbò.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ káàbọ̀ s'Íbàdàn o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ra tòmátò lẹ́bàá títì mọ́, torí Bódìjà tàbí Ṣáṣá lẹni tó ń tà á fún yín ti lọ gbé e, ó ti wà nínú apẹ̀rẹ̀ láti òkè Ọya, ó tún wá jókòó sínú oòrùn l'Ákóbò, kí ló máa ṣẹ́ kù lára ẹ̀? Ẹ lọ Bódìjà fúnra yín, ẹ tètè jí lọ kí oòrùn tó mú. Apẹ̀rẹ̀ kan ti pọ̀ jù fún ilé kan, ẹ bá àwọn aládùúgbò dáwó kẹ́ ẹ pín in, àmọ́ kí wọ́n dà á sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó o, torí èyí tó dáa ni wọ́n máa ń tò sókè. Tójò bá dé tí tòmátò Hausa wọ́n, ẹ ra ti Yorùbá, omi pọ̀ nínú ẹ̀, ó sì máa ń kan díẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sè é tómi ẹ̀ gbẹ ọbẹ̀ á dùn.

Ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù, torí àwọn ọmọ. Ẹ bù ú sọ́wọ́ kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀, tó bá ń rùn bí oògùn apakòkòrò ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kó mọ́ tó, àwọn NAFDAC ò yéé kìlọ̀ ẹ̀. Lójú tèmi, èyí tí kòkòrò díẹ̀ wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ lè ṣà kúrò sàn jùyẹn lọ. Ẹ wo ìdí kóńgò náà, àwọn kan máa ń lù ú wọnú.

Èlùbọ́, Ọjà Ọba. Gàrí, ẹ lọ Ọ̀mí Adió lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, ọjà ọrọọrún ni, ẹ bèèrè ọjọ́ ọjà kẹ́ ẹ tó wọkọ̀.

Ẹ̀fọ́ nìkan ni mi ò ní ní kẹ́ ẹ lọ jìnnà fún, kì í pẹ́ rọ. Ẹ béèrè àwọn tó ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú lákùrọ̀ ládùúgbò yín kí wọ́n já a lójú yín, kẹ́ ẹ sì wo omi tí wọ́n fi ń bomi rin ín, tó bá jẹ́ omi gọ́tà ẹ yáa máa lọ.

Tẹ́ ẹ bá wá rí aláta tọ́jà ẹ̀ tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀, ẹ sọ ọ́ di kọ́sítọ́mà, ẹ má torí igba náírà sá lọ bá ẹlòmíì. Òun ló máa pè yín lọ́jọ́ tọ́jà tuntun bá wọlé.