Ṣé bàbà máa tán láyé ni, àbí kí n ta wáyà mi?

ÌBÉÈRÈ

Òkun o, olóòtú wa. Ọmọ mi tó wà ní SS2 ló ti sùkúù dé tó ní tíṣà àwọn sọ pé bàbà inú wáyà iná ò lè ju bí ogójì ọdún lọ mọ́ tó fi máa tán láyé, àti pé àwọn irin tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Èmi ti ṣiṣẹ́ wáyà iná rí, àpò wáyà àtijọ́ mẹ́ta ṣì wà ní sítọ̀ mi. Ìyàwó mi ní kí n gbé e fún àwọn oníkóńdẹ̀mù, mo ní kó fi í lẹ̀ jàre, owó àwọn ọmọ-ọmọ wa nìyẹn. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?
Baálé ilé kan, Mọ̀pà

ÌDÁHÙN

Òkun o, bàbá. Màá dá ẹjọ́ yín àti ti màmá, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti tíṣà ná.

Tíṣà ò parọ́ o. Bàbà tí wọ́n ti wọ̀n nínú ilẹ̀, tí wọ́n mọ̀ pé táwọn bá wà á lónìí èrè máa wà níbẹ̀, tó bíi bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan, èyí tí gbogbo ayé sì ń wà lọ́dún kan tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 22. Ẹ pín in, bí ọdún 45 ló máa gbé wá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lọ́dún 1970, nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 280 péré ni irú òǹkà yẹn jẹ́, wọ́n sì ti wa ju ìlọ́po méjì ẹ̀ jáde látìgbà náà, síbẹ̀ òun náà ló tún wá di bílíọ̀nù kan yìí.

Ẹ fi iṣu wò ó. Ẹni tó wọ ilé yín lóṣù kìíní, tó ka iṣu inú àká, tó ní tó bá di oṣù kẹrin ẹ máa jẹ ẹ́ tán, kò parọ́, ó kàn jẹ́ pé kò dé oko ni, kò rí ebè tẹ́ ẹ ò tíì wà lọ́hùn-ún, kò sì mọ̀ pé tí iṣu bá wọ́n lọ́jà Kàbbà, oko ẹ̀yìn odò tẹ́ ẹ ti pa tì máa tún wù yín í lọ. Iṣu inú àká ni tíṣà kà. Kò sì sí kọ́ńpìnì tó máa náwó lónìí láti lọ wá bàbà tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wà jáde.

Àmọ́ o, oko ń jìnnà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Òkúta bàbà tí wọ́n ń lọ̀ nísinsìnyí, nínú ọgọ́rùn-ún kílò, bàbà tó máa jáde níbẹ̀ sábà máa ń dín sí kílò kan, gbogbo ìyókù di pàǹtí, lẹ́yìn tí wọ́n ti ná omi àti dísù lé e lórí. Ní Chuquicamata ní ilẹ̀ Chile, wọ́n gbẹ́ ihò kan láti 1915 títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn tó kìlómítà kan, ìgbà tó di 2019 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ ilẹ̀ lọ. Owó, omi àti iná ló máa kọ́kọ́ tán, kì í ṣe òkúta. Ẹ̀yin ará Yàgbà kúkú mọ̀ ọ́n, ẹ lọ wo etí odò tí wọ́n ti wa góòlù lápá Ìsánlú, ihò ni káàkiri, omi ẹ̀ á pọ́n bíi tíì onímílíìkì. (Irin Itakpe ńkọ́? Ó wà níbẹ̀, àtọdún 1979 ni wọ́n ti dá Ajaokuta sílẹ̀ pé kó máa yọ́ ọ, a ṣì ń retí ẹ̀.)

Ohun tó ti tán rí wà o, ẹ má jẹ́ n tàn yín. Òkúta kan wà tó ń jẹ́ cryolite, òun ni wọ́n fi ń yọ́ alumíníọ̀mù, ibi kan ṣoṣo tó ti pọ̀ gan-an ni Ivittuut ní Greenland, nígbà tó di 1987 wọ́n wà á tán, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Alumíníọ̀mù ò dúró, torí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ṣe cryolite.

Irin kì í sì í ṣe bẹntiróòlù tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti sun ún ó lọ nìyẹn. Mo jókòó ti alágbẹ̀dẹ kan ní Kàbbà lọ́jọ́ kan, sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ ló kì bọná, ọmọ ń fẹ́ ẹwìrì títí ó fi pọ́n bí ata, ó lù ú, ó gé e, àdá ló jáde. Ìkòkò alumíníọ̀mù tí wọ́n ń rọ lọ́jà náà, agolo àtijọ́ wà níbẹ̀, tí wọ́n bá sì fẹ́ tún un yọ́, iná tó ń jẹ ò ju bíi 5 nínú 100 èyí tí ti tuntun ń jẹ. Fóònù ló le, irin oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀ ní bíńtín bíńtín, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò ṣeé yọ padà.

Ó ku ẹjọ́ yín. Lọ́dún 1980, Paul Ehrlich àti Julian Simon, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Amẹ́ríkà, ta tẹ́tẹ́ lórí irin márùn-ún, bàbà wà níbẹ̀, Ehrlich ní wọ́n á wọ́n sí i láàárín ọdún mẹ́wàá, Simon ní rárá. Nígbà tó di 1990, tí wọ́n yọ ti bí owó ṣe ń já wálẹ̀ lọ́dọọdún kúrò, gbogbo márààrún ló rẹ̀ wálẹ̀, ni Ehrlich bá kọ ṣẹ́ẹ̀kì 576.07 dọ́là ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ ọdún mẹ́wàá mìíràn ni wọ́n mú ṣá, ó lè jẹ́ Simon ló máa sanwó. Bọ́rọ̀ bàbà ṣe rí nìyẹn, ẹ ò lè fi ṣe ogún ọmọ-ọmọ nínú sítọ̀ tí eku wà.

Màmá ló jàre, ẹ tà á. Àmọ́ ẹ má sun ún o, èéfín rọ́bà yẹn májèlé ni, èyí tí wọ́n bó tó ń dán sì lówó lórí ju èyí tí iná ti sọ di dúdú. Ẹ fọ̀bẹ bó o. Ẹ pe ọmọ SS2 yẹn kó wá bá yín bó o, òun ló kó ẹjọ́ wálé.