Ẹ yẹ orúkọ wò ná kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù

Ìyá Zainab, ẹ kú ìdààmú ọmọ o. Ẹ ní ó ti wọ SS3, nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe ní Unilọrin, ṣé kẹ́ ẹ jẹ́ kí WAEC jáde ná kẹ́ ẹ tó máa sáré kiri. Ẹ má dúró o jàre! Kí èsì WAEC tó jáde wọ́n á ti ṣe JAMB, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, tán; awaiting result (èsì ò tíì jáde) ni àwọn SS3 fi ń gba fọ́ọ̀mù ẹ̀.

Òmù-Àrán níbí ni mo ti ń bá àwọn àbúrò àtàwọn ọmọ mi sáré ẹ̀, ibi tó ti ń já wa kulẹ̀ jù kì í ṣe ìwé kíkà rárá, orúkọ ni. Ẹ kó NIN ọmọ yín (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà), ìwé ọjọ́ ìbí ẹ̀ àti orúkọ tí ilé-ìwé fẹ́ fi sílẹ̀ fún WAEC síwájú yín, kẹ́ ẹ kà á ní lẹ́tà-lẹ́tà. Lọ́dọ̀ tiwa Abdulrahman àti Abdulrahmon ò yàtọ̀, Zainab lè di Zaynab lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà ò mọ̀yẹn. Inú NIN ni JAMB ti ń fa orúkọ àti ọjọ́ ìbí yọ, ohun tó bá bá níbẹ̀ ló máa gbé. Ẹni tó ṣe NIN àkọ́bí mi tẹ ọdún ìbí ẹ̀ gbòdì, ìgbà tá a ń tún un ṣe lọ́wọ́ làwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wọlé lọ, ọdún yẹn sì gbé nìyẹn. Títún ọjọ́ ìbí ṣe tún wọ́n ju ti orúkọ lọ dáadáa. Ẹ wo ọjọ́ orí ẹ̀ náà o, ọdún 16 ó kéré tán ni wọ́n ń wò báyìí.

Email àti nọ́ńbà fóònù, ti ọmọ gan-an ni kẹ́ ẹ lò, kí ọmọ káfè má fi tiẹ̀ sí i, nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa padà wá a káfè á ti kó kúrò ní Tánkè n'Ílọrin.

English, Biology, Chemistry, Physics ló máa ṣe ní JAMB, ní WAEC kó ní Maths mọ́ ọn. Kó ṣe NECO náà.

Unilọrin, first choice ni kó fi sí, tó bá fi sí second ó kàn fi ṣe fọ́ọ̀mù lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Èrò tó ń wá nọ́ọ̀sì níbẹ̀ dà bí ọjà Ìpàta, ẹ ní ibòmíì lọ́kàn: yunifásítì aládàáni Al-Hikmah ń ṣe nọ́ọ̀sì (ẹ bá bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀ owó tẹ́lẹ̀ o), Health Tech Ọ̀fà náà wà tó bá ṣáà ti fẹ́ ṣiṣẹ́ ìlera.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ìgbéyàwó bá bọ́ sí àsìkò JAMB, kó má kun làálì! Ọmọ àbúrò mi kun ún, ẹ̀rọ ò dá ìka ẹ̀ mọ̀ láàárọ̀ ìdánwò, àyà gbogbo wa já kó tó gbà á.

Tí WAEC bá wá jáde, kó lọ gbé èsì ẹ̀ sórí JAMB ní CBT centre (ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe JAMB), ọ̀pọ̀ ń gbàgbé èyí, wọ́n á wá máa ní wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Tí wọ́n bá fún un ní admission, orí CAPS (ojú ìwé JAMB lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún admission) ló ti máa tẹ Accept, kó tó máa dá aṣọ.