Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Lẹ́yìn Ìkógòsì, Ibo Ló Tún Kù ní Èkìtì?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn ọmọ àbúrò mi tí wọ́n dàgbà sí Èkó ń bọ̀ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ní Adó-Èkìtì. Wọ́n ní àwọn ti mọ Ìkógòsì ní àmọ̀dunjú, àwọn kò sì fẹ́ tún lọ síbẹ̀. Èyí àgbà nínú wọn tilẹ̀ sọ pé yàtọ̀ sí omi gbígbóná àti omi tútù, kò sí ohun mìíràn tí ènìyàn lè wò ní Èkìtì. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n n kò rí èsì gidi fọ̀ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni mo lè mú wọn lọ tí ọ̀nà rẹ̀ kò ní jìn jù? — Ìyá kan, Adó-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ọmọ náà kò jẹ̀bi, nítorí pé Ìkógòsì ni gbogbo ènìyàn ń pariwo. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe ibi gbogbo ni omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọn yóò fi pàdé. Ohun tí ó ń ká mi lára ni pé ọ̀pọ̀ àlejò máa ń ṣẹ́rí padà níbẹ̀ láìmọ̀ pé Ìpólé-Ìlọrọ̀, tí kò jìnnà sí i rárá, ní omi tirẹ̀. Àrìnta ni wọ́n ń pè é, láti orí àpáta ni ó ti ń já wálẹ̀ láàárín igbó, ẹ óò sì ti máa gbọ́ ìró rẹ̀ kí ẹ tó fojú kàn án. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n wọ bàtà tí ó di ẹsẹ̀ mú dáadáa, nítorí pé òkúta ibẹ̀ ń yọ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo fẹ́ mú wọn jáde, Ìkẹ́rẹ́ ni n óò kọ́kọ́ mú wọn lọ. Ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ ni ó wà, ọkọ̀ kò sì wọ́n láti Adó. Àwọn òkúta ńlá rẹ̀, Olósùnta àti Òrólé, kò fara sin fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba ọ̀nà náà kọjá, síbẹ̀ àwọn tí ń kọjá lọ pọ̀ ju àwọn tí ń yà síbẹ̀ lọ. Nínú ìlú yìí kan náà ni ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, wà, ìtàn ààfin náà sì ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbọ́ yékéyéké.

Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí ó wá di ará Ìsẹ̀-Èkìtì níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún Arìnjalẹ̀, ọba ìlú náà, ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì kan fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ní awẹ́ kan, Ògògà jókòó tòun ti adé, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní awẹ́ kejì, òyìnbó aṣojú ìjọba tí ń jẹ́ Ambrose ni àwọn aláàárù gbé bọ̀ wá kí ọba. Àwọn ère náà yọ jáde lára pákó débi pé orí ẹlòmíràn nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, British Museum sì fẹ́ rà á. Kábíyèsí kò tà á. Ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà ní pàṣípààrọ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn sí ààfin. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ British Museum títí di òní. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo àwòrán rẹ̀ lórí fóònù wọn kí ẹ tó gbéra, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìlú tí wọ́n ń lọ ni irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ ti jáde. Bí àyè bá wà, ẹ mú wọn dé Ìsẹ̀ pẹ̀lú, níbi tí Ọlọ́wẹ̀ gbé títí ó fi kú ní ọdún 1938.

Ní Adó níbi tí ẹ wà gan-an, ẹ má gbàgbé ọgbà ìrántí Fájuyì, ọ̀gágun ọmọ Adó tí wọ́n pa pẹ̀lú Ironsi, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà nígbà náà tí ó jẹ́ àlejò rẹ̀, ní oṣù Keje ọdún 1966. Ìlú Iré-Èkìtì náà wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ nípa Ògún Onírè. Ibẹ̀ ni ìtàn sọ pé Ògún ti wọlẹ̀ lẹ́yìn tí ó fi ìbínú pa àwọn ènìyàn rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí àlejò gun Olósùnta, kí ó sì ya fọ́tò níbẹ̀? Ìgbà wo ni ó dára jù láti lọ? — Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ìkòlé-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Arákùnrin, òrìṣà ni Olósùnta jẹ́ fún àwọn tí ó ni ín. Ó ní àwọn àwòrò rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀ lọ́dọọdún. Nítorí náà, ẹ má ṣe kàn dédé gun òkè náà. Ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìlú, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá, kí wọ́n fún yín ní ẹni tí yóò mú yín lọ. Òun náà ni yóò fi ibi tí ẹ lè ya fọ́tò hàn yín àti ibi tí ẹsẹ̀ àlejò kò gbọdọ̀ dé. Ní ti ìgbà, ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ gun àpáta, nítorí pé òjò máa ń mú kí ara rẹ̀ yọ̀. Ti Àrìnta yàtọ̀: àsìkò òjò ni omi rẹ̀ máa ń pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lọ ní ọjọ́ tí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.