Kí ni "tibi-tire" nínú àdúrà aboyún?

Ìyàwó ilé kan ní Òṣogbo béèrè pé: "Ìyá ọkọ mi gbọ́wọ́ lé mi níkùn, wọ́n ní, 'Wàá bí tibi-tire.' Ẹ̀rù bà mí. Ṣé kí ibi bá mi ni?"

Rárá o, àbúrò mi. Ṣe àmín gidi. Ibi tí ìyá ń wí kì í ṣe aburú. Olóbi ni, ẹ̀kejì ọmọ tí a máa ń rì mọ́lẹ̀. Ọmọ gan-an ni ire. Wọ́n ń tọrọ pé kí méjèèjì wálẹ̀ láìku ẹyọ kan. "Tibi-tire la dálé ayé" ló ṣì ọ́ lọ́nà.

Ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, bí ọmọ bá ti ké, àwọn tó wà níta á bú sáyọ̀. Ìyá àgbà tó ń gbẹ̀bí kì í gbójú sókè ní tiwọn. Ọwọ́ wọn á wà lábẹ́ ìdodo ìyá ọmọ, wọ́n á máa tẹ ilé-ọmọ wò bóyá ó ti le. Ó dìgbà tí wọ́n bá ní "Ibi ti wálẹ̀" ká tó gbọ́ "Ẹ kú ewu ọmọ."

Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Iṣan ni ilé-ọmọ. Kò ju nǹkan bíi gíráàmù 70 lọ kí oyún tó dé, ṣùgbọ́n ó ń tó nǹkan bíi kílò 1 lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Bó bá ń súnkì, ó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ inú ara rẹ̀ pọ̀, ọ́síjìn á dínkù, á wá máa jo ṣúgà tó ti tò pamọ́. Láàárín ìrora kan sí èkejì ni ẹ̀jẹ̀ ń padà wọlé, tí iṣan ń rí ara gbà. Bí kò bá sí ìsinmi yẹn, oró á gbá jọ sínú rẹ̀, agbára rẹ̀ á sì rọ̀.

Ọmọ wálẹ̀, iṣẹ́ ò tíì tán. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ìdí olóbi kọjá lè tó ìlàjì lítà ní ìṣẹ́jú kan! Iṣan tó ti rẹ̀ yìí náà ló gbọ́dọ̀ súnkì kó fún ẹnu òpó wọ̀nyẹn pa. Bí ibi bá ṣẹ́kù sínú, kò ní lè ṣe é, ẹ̀jẹ̀ á máa dà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ẹ̀kọ mímu oníṣúgà wá nígbà ìrọbí, tí dókítà ò sì kọ̀, mu ún. Láti 2014 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n má fi oúnjẹ du aboyún tí kò níṣòro. Fi ọmọ sọ́mú kíákíá, ó ń jẹ́ kí ilé-ọmọ súnkì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, tàbí tí ibi ò wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 30, ọsibítù ni kí wọ́n gbé ọ lọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á nílé.