Gúlọ́ọ̀sì àbí ọ̀dà olómi fún ilẹ̀kùn onígi nílé yín n'Ífẹ̀

Ẹ̀gbọ́n wa ní Leicester, ẹ kú iṣẹ́ ilé o, ilé á tura. Mo rí ìbéèrè yín. Ẹ ní ilé yín ní Parakin ti dórí ọ̀dà, péńtà ní kẹ́ ẹ fowó gúlọ́ọ̀sì, ìyẹn ọ̀dà olóìlì tó máa ń dán, ránṣẹ́ fún gbogbo ilẹ̀kùn àti férémù àtàwọn wọ́dúróòbù, ẹ̀yin sì ń wò ó pé lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún ọ̀dà olómi, èyí tí wọ́n fi omi pò, ni gbogbo èèyàn ń lò, ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Káfíńtà ni mí, Ifẹ̀ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ n bá yín dá sí i.

Péńtà yín ò parọ́, ibi tó mọ̀ ọ́n dé nìyẹn. Gúlọ́ọ̀sì ló bá lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀, òun náà ni àwọn tó ń ta ọ̀dà ní Lágere máa kọ́kọ́ gbé síwájú yín tẹ́ ẹ bá ti ní igi lẹ fẹ́ kùn. Ti ọ̀dọ̀ yín, òfin ló fà á jù. Nígbà tí UK ṣì wà nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù, òfin kan tó le gan-an bẹ̀rẹ̀ ní 2010 lórí kẹ́míkà tó ń fẹ́ jáde lára ọ̀dà, àwọn tó ń ṣe ọ̀dà sì tara ṣàṣà láti ṣe olómi tó le dáadáa. Òfin yẹn ò dé ọ̀dọ̀ tiwa o. Tẹ́ ẹ bá kàn pe péńtà pé olómi lẹ fẹ́, ó lè lọ gbé emulsion ògiri, àwọn onírọ́bà lítà 20 yẹn, kó fi kun ilẹ̀kùn fún yín, ọmọ á fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan ó ti dọ̀tí, ẹ ní kẹ́ ẹ nù ún, ọ̀dà lẹ máa nù kúrò. Sátíìnì olómi, ọ̀dà tí dídán ẹ̀ ò tó ti gúlọ́ọ̀sì, tí wọ́n kọ ọ́ sára agolo ẹ̀ pé ó wà fún igi ni kẹ́ ẹ bèèrè.

Tó bá jẹ́ èmi ni, màá pín in ni. Ilẹ̀kùn yàrá àti wọ́dúróòbù, sátíìnì. Òórùn ẹ̀ ò pọ̀, láàárín wákàtí mélòó kan ó ti ṣeé tún kùn, funfun ẹ̀ kì í sì í tètè pọ́n. Gúlọ́ọ̀sì olóìlì funfun kì í fẹ́ òkùnkùn, ilé yín sì rèé, ẹ máa tì í pa, kọ́tìnì á bo fèrèsé látọdún dé ọdún, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé ẹ máa bá ilẹ̀kùn tó ti rí bí eyín amusìgá. Ilé ìdáná àti férémù ibi tí wọ́n ń gbé ẹrù gbà, ẹ fi gúlọ́ọ̀sì ẹ̀ sílẹ̀ fún un jàre, ó le, epo pupa ò sì ní wọ̀ ọ́.

Ilẹ̀kùn àbájáde tẹ́ ẹ ní ìrókò ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kùn ún! Kí wọ́n fi tína nù ún dáadáa, torí nǹkan kan wà lára ìrókò tí kì í jẹ́ kí fánìṣì gbẹ bọ̀rọ̀, kí wọ́n wá fi fánìṣì tó wà fún ìta rà á, kí wọ́n sì máa tún un rà látìgbàdégbà nítorí oòrùn. Tẹ́ ẹ bá ta kú pé funfun lẹ fẹ́, púráímà olóìlì, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń kọ́kọ́ kùn, ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí ìrókò àti ọganwó ní oje tí omi inú ọ̀dà máa ń fà jáde, ẹ máa rí àbàwọ́n rúsúrúsú lójú funfun, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta ó ṣì máa yọ.

Ohun tó máa ń jẹ́ káwọn péńtà bú olómi ni sáńpépà. Omi máa ń jẹ́ kí irun igi dìde. Tí wọ́n bá kùn ún tán lẹ́ẹ̀kíní tó gbẹ, ẹni tó bá fọwọ́ rà á á rí i pé ó ń ha ọwọ́, wọ́n á wá fi sáńpépà 220, èyí tó kúnná, pa á fẹ́rẹ́fẹ́, wọ́n á nu eruku ẹ̀ kúrò kí wọ́n tó kun èkejì. Ẹni tó bá fo ìyẹn, á ní olómi ò dáa.

Ti ilé ìyá yín ní Ìrẹ́mọ, tó jẹ́ ilẹ̀kùn àtijọ́, ẹ ní kí ẹnì kan ra sípíríìtì ní kẹ́mísìtì, kó rẹ òwú sí i, kó fi pa kọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn kan. Tí ọ̀dà bá rọ̀ tó ràn mọ́ òwú, olómi ni, tí ò bá mira, olóìlì ni. Tó bá jẹ́ olóìlì, tí wọ́n kun olómi lé e láìpa dídán ẹ̀ rẹ́, èékánná lásán ló máa ṣí i kúrò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ha á ní gbígbẹ o, òjé, tó jẹ́ májèlé, wọ́pọ̀ nínú gúlọ́ọ̀sì ayé ijọ́un. Kí wọ́n fomi rẹ sáńpépà, kí màmá àtàwọn ọmọ má sí nítòsí.

Gúlọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá rà, tapẹntáìnì ni kí wọ́n fi là á, kì í ṣe pẹtiróòlù. Àwọn péńtà fẹ́ràn pẹtiróòlù torí ó ń yára gbẹ, àmọ́ ó ń ba dídán jẹ́, ó sì lè dáná sunlé. Oṣù kọkànlá ni kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ yẹn sí, òjò á ti lọ, ọyẹ́ ò tíì dé, torí gúlọ́ọ̀sì kì í tètè gbẹ, gbogbo eruku ọyẹ́ ló máa lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ má fowó ránṣẹ́ sí péńtà, ṣọ́ọ̀bù ni kẹ́ ẹ sanwó fún, kí wọ́n fi fídíò ìdérí agolo tí wọn ò tíì ṣí ránṣẹ́. Galọ́ọ̀nù lítà mẹ́rin kan máa ń kun bí ilẹ̀kùn márùn-ún, tojú tẹ̀yìn, lẹ́ẹ̀mejì, tí igi bá ti dán. Kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fún ẹni tó ń bá yín ṣọ́lé: olómi máa ń gbẹ lójú kí inú ẹ̀ tó le, bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kó má ti ilẹ̀kùn yàrá pa, kó fi nǹkan há a, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa lẹ̀ mọ́ férémù.

Ilẹ̀kùn mélòó ló wà níbẹ̀ gan-an? Ẹ sọ ọ́ síbí, màá bá yín ṣírò galọ́ọ̀nù ẹ̀ kí péńtà tó pe iye tiẹ̀.